Omi Tí N Kò Wọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Ọ̀wàrà

Oòrùn mú láti àárọ̀. Wọ́n ṣí ìhà ẹ̀yìn ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń tọ́jú omi lónìí. Àwọn tó ń tún òrùlé ibẹ̀ ṣe ti kó àkàbà wọn lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, yàrá mẹ́fà ló sì ń dúró de èèyàn. Mètírọ́ọ̀nù sọ fún mi láago méje pé àwọn àgbà kan yóò kó wá síbẹ̀ láti ìhà iwájú lọ́sàn-án. Wọ́n ní, "Àǹtí Páìpù, ṣé omi wà níbẹ̀?" Mo ní omi wà. Òótọ́ sì ni, omi wà. Oṣù mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀ tí kò lọ síbì kan.

Èmi ni mo gbé àpótí Ọ̀gá lọ sí yàrá kẹsàn-án. Ọ̀gá ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọ ilé ìwẹ̀ ni wọ́n fi ìka kan páìpù, tí wọ́n tẹ́tí sí i, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní, "Omi ti sùn níbí." Mo ní mo ti ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi ìhà yìí sílẹ̀ ní Mọ́ńdè tó kọjá, pé mo jẹ́ kí omi gbígbóná ṣàn dáadáa. Irọ́ ni. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n ṣe é. Àtẹ̀gùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà láti òkè dé yàrá táǹkì nísàlẹ̀ ilé, n kò sì sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀ láti ìgbà tí orúnkún náà ti wú.

Ìyá Olùkọ́ wọ yàrá kọkànlá. Ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ níwèé, wọn kò sì tíì dẹ́kun. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ tí mo kọ sára ilẹ̀kùn ìwẹ̀ ṣe fún mi. Wọ́n béèrè bóyá omi gbígbóná ń jáde dáadáa, nítorí omi tútù kò bá egungun àwọn ṣọ̀rẹ́. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Mo jókòó sídìí tábìlì, mo kọ ìwé omi ti oṣù tó kọjá tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ̀n ìlà. Òfin ni pé kí n máa wọn bí omi inú táǹkì ṣe gbóná láràárọ̀, kó má ṣe fi púpọ̀ rẹlẹ̀ sí ìwọ̀n ọgọ́ta lórí tẹmómítà. Mo kọ ọgọ́ta, mo kọ ọ̀kànlélọ́gọ́ta, mo kọ ọgọ́ta lẹ́ẹ̀mejì, mo ju mọ́kàndínlọ́gọ́ta sí i kó lè jọ òótọ́. Bàbá àwọn ọmọ kọjá lẹ́yìn mi, ó ní, "Ṣé lẹ́tà ìfẹ́ lò ń kọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sí Mètírọ́ọ̀nù. A jọ rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń ṣe é báyìí. Ojú ń tì mí díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ka èyí. Lọ́jọ́ Ajé, màá dá ìwé omi padà sórí ìṣó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Ọ̀gá ń húkọ́. Ikọ́ gbígbẹ, kò mú nǹkan kan jáde. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Mo po tíì fún wọn, wọn kò mu ju ẹnu mẹ́ta lọ. Ọṣẹ ìfọlẹ̀ tún ti wọ́n sí i.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ara Ọ̀gá gbóná bí iná. Ìgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú. Èyí tó kó mi láyà jẹ ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn: wọ́n fi orúkọ ìyàwó wọn tó ti kú pè mí, wọ́n ní kí n sáré lọ ti omi nísàlẹ̀ kí ilé tó kún. Mètírọ́ọ̀nù pe ọkọ̀ aláìsàn. Mo bá wọn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ya àwòrán àyà wọn, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún ti funfun bí ẹni da ẹfun sí i. Òtútù àyà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó bá ní in.

Bí kò bá sí Ọ̀gá, ta ni èmi? Nígbà tí gbogbo àwọn oníṣẹ́ omi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin fẹ́ máa gbé páìpù, Ọ̀gá ni wọ́n fi pákó ìjókòó lé mi lọ́wọ́ tí wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Wọ́n gbé Ìyá Olùkọ́ náà lọ. Ikọ́ kan náà, ibà kan náà. Yàrá kẹsàn-án, yàrá kọkànlá. N kò jẹ oúnjẹ alẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Mo fẹ́ kọ ti òní yìí dáadáa, kí n má bàa rí ọ̀nà yí i padà tó bá yá.

Dókítà ni ó ránṣẹ́ pè wá. Obìnrin kékeré kan ni, ó fi bírò há irun. Mètírọ́ọ̀nù ní kí èmi lọ, kí n sì mú ìwé omi dání. Dókítà fún mi ní àga. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Abẹ́rẹ́ tí a ń fún Bàbá látọjọ́ mẹ́ta ò ràn wọ́n. Ìyá náà sì tún dé, ìhà kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Òtútù àyà kan wà tí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Inú omi ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó dúró sójú kan. Téèyàn bá ń wẹ̀, á fà á símú pẹ̀lú ìrì omi tó ń ta láti ṣáwà. Báwo ni omi yín ṣe rí?"

Mo na ìwé náà sí i. Ọwọ́ mi ló parọ́. Ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ọgọ́ta. Kòkòrò yẹn ò lè gbé nínú èyí. Ẹ ṣeun, mà. Tí gbogbo ibi bá ń ṣe bíi tiyín ni, iṣẹ́ wa ì bá dín." Ó ní ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò fún kòkòrò náà kù díẹ̀, òun ò ní fi ṣòfò. Oògùn rẹ̀ gan-an máa ń da lílù ọkàn rú, ọkàn Ọ̀gá kò sì lágbára, òun ò fẹ́ fún wọn láìnídìí. Ó ní kí àwọn kọ́kọ́ wá a sí ibòmíì.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tún sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo dé ibi tí mo ti fẹ́ wọ ọkọ̀, mo yíjú padà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Mo sọ̀ kalẹ̀ lónìí. Mo fi ìdí jókòó sórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, mo ń wọ́ lọ bí ọmọ tí kò tíì rìn. Mo ki tẹmómítà bọ omi. Méjìdínlógójì. Mo nù ún, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Méjìdínlógójì. Irin méjì ló ń mú omi táǹkì yẹn gbóná, ọ̀kan ti jó, n kò sì lè sọ ọjọ́ tó jó nítorí n kò sí níbẹ̀.

Mo gòkè, mo tú orí ṣáwà yàrá kẹsàn-án. Inú rẹ̀ ń yọ̀, ó ní ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ tó ti kan. Mo jókòó sórí korobá. Mo mọ̀ báyìí. Kì í ṣe pé mo ń fura mọ́.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá àwọn ọmọ nílé lálẹ́, ó ní, "Dìde, ká lọ sọ fún dókítà." Mo ní lọ́la. Ó ní, "Kí ló máa yàtọ̀ lọ́la?" Mo ní kó jọ̀ọ́, orúnkún ń dùn mí. Orúnkún náà ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá mi dúró. Mo ń rò ó bí wọ́n ṣe máa wò mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, èmi náà ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí, mo tilẹ̀ fi ń bá àwọn ọmọ mi wí. N kò béèrè rí pé ikú ta ni.

Ọjọ́rú, 18

Lọ́la dé. Mo tún ní lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 19

Ìyá Olùkọ́ kú láago mẹ́wàá àárọ̀. Mo gbọ́ láago mọ́kànlá. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, mo ti wà nínú ọkọ̀. Orúnkún kò sọ nǹkan kan.

Mo bá dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì méjì dúró tì í. Mo fẹ́ kó tẹ̀lé mi wọ kọ̀rọ̀ kan, ó ní òun ò ráyè. Mo bá sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Irọ́ ló wà nínú ìwé yẹn, Dókítà. Mi ò wọn omi látoṣù mẹ́ta. Mo wọ̀n ọ́n ní ìjẹta, méjìdínlógójì ni mo bá."

Ó ní, "Ìjẹta?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kó pariwo. Ó béèrè iye èèyàn tó ń wẹ̀ ní ìhà yẹn, ó ní kí n pe ilé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ṣáwà mọ́, ó sì yí padà sí àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n gba ìtọ̀ Ọ̀gá. Wọn kò dúró de èsì rẹ̀, wọ́n fa oògùn tuntun sí wọn lára, wọ́n lẹ okùn mọ́ wọn láyà kí ẹ̀rọ lè máa ṣọ́ ọkàn wọn. Nígbà tó yá, ó dá mi lóhùn ohun tí n kò lẹ́nu láti béèrè. Ó ní, "Kòkòrò náà máa ń sá pamọ́ sínú àwọn ọmọ-ogun ara gan-an tó yẹ kó pa á. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ò lè wọ ibẹ̀ bá a. Tuntun yìí lè wọ ibẹ̀." Ó ní, "Tó bá ṣe pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni, àwọn méjèèjì ni à bá ti fún."

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Èsì ìtọ̀ jáde. Òun ni. Ọ̀gá kò mọ̀ mí. Dókítà ní ọjọ́ méjì sí i la máa fi mọ̀ bóyá wọ́n á yè é.

Ọjọ́ Àìkú, 22

Ibà lọ sílẹ̀ lálẹ́ àná. Láàárọ̀, Ọ̀gá ní ta ló kan ẹ̀rọ ìfọwọ́ tó wà nígun yàrá yẹn, pé ó wọ́. Mo sunkún títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n jáde síta.

Ọjọ́rú, 25

Ọjọ́ kẹta tí a ti ń fọ páìpù. Àwọn tó ń yẹ omi wò fún ìjọba wá, wọ́n bu omi sínú ìgò, wọ́n ti ìhà ẹ̀yìn pa. Mo pààrọ̀ irin méjèèjì. Mo mú omi táǹkì dé àádọ́rin, mo ń ṣí ẹ̀rọ omi lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè ṣàn jáde bó ṣe ń hó, mo fi aṣọ bo imú. Gbogbo orí ṣáwà ni mo tú dànù. Ní ọ̀sán, ẹni tó ń se oúnjẹ gbé abọ́ tèmi sílẹ̀ lórí tábìlì, kò kí mi, ó lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ti ń bẹ̀rù pé àwọn náà á kó o, títí dókítà fi rán ẹni wá sọ fún wọn pé èèyàn kì í kó o ran èèyàn. Inú wọn dùn. Wọ́n wá ráyè máa wò mí.

Mètírọ́ọ̀nù kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ẹ̀yin tí mo fọkàn tán." Wọn kò parí gbólóhùn náà.

Ọjọ́ Ajé, 30

Ọ̀gá ti ń jókòó. Oògùn ku ọjọ́ mẹ́ta. Èémí wọn kúrú, tí wọ́n bá sọ gbólóhùn méjì wọ́n á sinmi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́wọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà láti ilé, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n dé ìdajì.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Mo ní ta ló sọ fún yín?

Wọ́n ní, "Ìwọ náà. Mo ka ìwé rẹ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó o gbé e padà wá. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù yẹn, iná ò sí látàárọ̀ dalẹ́, gbogbo wa la fi omi tútù wẹ̀. Ìwọ kọ ọgọ́ta."

N kò lè gbé ojú sókè. Mo ní, "Ẹ̀yin mọ̀, ẹ sì ń wẹ̀ níbẹ̀?"

Wọ́n sinmi. Wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Mo ní tí mo bá sọ ọ́ létígbọ̀ọ́ èèyàn, wọ́n á ní ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ní màá dọ́gbọ́n sọ ọ́ fún ọ lọ́jọ́ kan tó o bá wá kí mi. Ìgbà tó o fi wá, ikọ́ ti mú mi." Wọ́n kọjú sí ògiri. "Obìnrin tó wà ní kọkànlá, a jọ máa ń ṣeré. Ojú ń ti èmi náà."

A jókòó báyẹn. Mo ti wá síbẹ̀ kí wọ́n lè bú mi, kára lè fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù Bélú

Mètírọ́ọ̀nù pè mí wọ ọ́fíìsì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ọmọ Ìyá Olùkọ́ ń bọ̀ wá kó ẹrù ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó yẹ ìtọ̀ màmá wò kí wọ́n tó kú. Òtútù àyà ló wà lórí ìwé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin sì ni wọ́n. "Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Tó bá gbé wa lọ sí kóòtù, wọ́n á ti ilé yìí pa. Àwọn àgbà mẹ́rìnlélógún ló wà níbí, Àǹtí Páìpù. Níbo la fẹ́ kó wọn sí?"

Mètírọ́ọ̀nù kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ arúgbó tí kò ní ẹbí. Mo ní mo gbọ́. Ara mi tiẹ̀ balẹ̀, èyí ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀. Ṣé bí mo ṣe tún máa ṣe nìyẹn? Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà, mo sì ti mọ àṣepamọ́ ṣe ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ó dé láago mẹ́wàá. Ọkùnrin tó ga ni, ó ti ń hewú díẹ̀, iṣẹ́ awakọ̀ ló ń ṣe. Ó wọ yàrá kọkànlá, ó ń ká aṣọ ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ti àpótí náà pa. Mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní èmi ni mò ń mójú tó omi ilé yìí.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni Àǹtí Páìpù. Màmá sọ̀rọ̀ yín. Wọ́n ní ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sára ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé òyìnbó ò gbọ́ ọ, Yorùbá ò gbọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn fẹ́ dá mi padà.

Mo sọ fún un. N kò fi orúnkún kún un. Mo sọ táǹkì, mo sọ ìwé, mo sọ bí dókítà ṣe béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú tí mo fún un ní irọ́ kà. Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo mọ̀ dájú, ọjọ́bọ̀ ni ìyá rẹ̀ kú, ọjọ́bọ̀ náà ni mo tó sọ̀rọ̀. Mo ní oògùn wà.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó sọ kì í ṣe ohun tí mo múra sílẹ̀ fún.

Ó ní, "Mo wá mú wọn jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, kí wọ́n lè wá wo ọmọ tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ọkọ̀ kọṣẹ́ lọ́nà, òjò sì ká wa mọ́ títì. Aṣọ wọn rin. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ní òtútù àyà." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni mo pa wọ́n. Mi ò jà wọ́n níyàn. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, mi ò tíì gbé ọmọ yẹn mọ́ra. Tí mo bá wò ó, òjò yẹn ni mò ń rí."

Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀. Ẹrù mi ni ọkùnrin yìí ti ń rù, kò sì mọ ẹni tó ni í.

Ó ní, "Nígbà náà, kì í ṣe òjò."

Mo ní, "Kì í ṣe òjò, sà. Èmi ni."

Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì tún dá a lóhùn. Ó ní kí n lọ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i, òun ò tíì mọ ohun tí òun máa fi ṣe. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí n má bẹ òun o, òun ò tíì lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó ti àpótí náà pa. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tètè délé kí ọmọ náà tó sùn.